Orúkọ Ọ̀gá Ṣì Ń Wọlé

Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Mi ò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tí Màmá fi pè mí. Báńkì ti dáhùn. Wọ́n á yá wa lówó ẹ̀rọ tí ń gé giláàsì, ṣùgbọ́n ayẹ̀wéwò wọn, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún, ohun àkọ́kọ́ tó sì fẹ́ rí ni pé olúkúlùkù ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ nínú ètò ìṣirò tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ó ti yé mi, mà." Inú mi kò dùn sí i, nítorí mo mọ ohun tó wà lára ògiri lẹ́yìn kọ̀ǹpútà: bébà kan tí a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ọn, tí páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń lò, títí dórí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹrù. A kì í fi páswọ́ọ̀dù pamọ́ fún ara wa níbí. Bí àgbà bá bi ọ́ tí o kọ̀ láti sọ ọ́, o ti pè é lólè nìyẹn.

Orúkọ Ọ̀gá nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn wọlé lè ṣe ohun tó wù ú: kó pa ìwé rẹ́, kó yí nọ́ńbà báńkì àwọn tí à ń rajà lọ́wọ́ wọn padà, kó lé ẹnikẹ́ni jáde nínú ètò. Àwa mẹ́ta la mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀: Ọ̀gá fúnra rẹ̀, Màmá tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀, àti èmi. Ọ̀gá ti kú láti oṣù Kẹsàn-án. Ó ku àwa méjì.

Òjò kò tíì rọ̀. Alumíníọ̀mù tí a fi ń ṣe fèrèsé tún ti gbówó lórí.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

Mo já bébà ara ògiri. Baba Giláàsì, olórí àwọn tó ń gé giláàsì, wò mí bí ẹni pé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ni mo yọ. "Akọ̀wé, báwo ni mo ṣe fẹ́ rántí tèmi? Àwọn ọmọ tí mo bí, mo máa ń pe orúkọ mẹ́ta kí n tó kan ẹni tí mò ń wá." Mo fún un láyè láti rí iye giláàsì tó wà nílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe páswọ́ọ̀dù, ó ní kò sẹ́ni tó máa rò ó mọ́ òun láé. Ohùn òkè ló fi sọ ọ́, gbogbo wa gbọ́. Mo ní kó yan òmíràn.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò Ọ̀gá ni, òun ló ń ra ọjà. Màmá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, tí ọmọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Mo fi àyè tirẹ̀ hàn án: ó lè kọ ohun tó rà sílẹ̀, kò lè fọwọ́ sí owó rẹ̀.

"Ta ló máa fọwọ́ sí i?"

"Màmá ni, sà. Báńkì ní ẹni tó ra ọjà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa fọwọ́ sí i."

"Ìwọ lo wá máa sọ ibi tí mo lè dé nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi. Fún mi ní páswọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó béèrè lọ́wọ́ Màmá. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa." Ó dáa yẹn kò dáa létí mi.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò bí màá ṣe sọ ọ́. Ayẹ̀wéwò kò ní gbà kí orúkọ ẹni tó ti kú máa wà nínú ètò, pàápàá orúkọ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo ní, "Mà, orúkọ Ọ̀gá... báńkì máa fẹ́ kí a yọ ọ́."

Kò gbójú sókè. "Kí ẹ yọ ọ́ lọ síbo?"

"A kàn máa tì í pa ni, mà. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe máa wà níbẹ̀."

"Ẹbí ti kó aṣọ rẹ̀. Wọ́n kó bàtà rẹ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà láàárọ̀, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rí lókè, tèmi á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ náà wá fẹ́ kó ìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, mo jáde. Ojú tì mí gan-an. Màá tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá òjò á ti rọ̀. Ooru yìí ti sọ gbogbo wa di oníbìínú.

Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn ń lo orúkọ tuntun tí mo fún wọn. Ojúewé kan wà tó ń sọ ẹni tó wọlé àti ọjọ́ tó wọlé. Baba Giláàsì, ó wọlé. Olùtọ́jú ọjà, ó wọlé. Ọ̀gá, ó wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Mo tún un kà. Ní Àbámẹ́ta, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan ní ọ́fíìsì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì. Mo tẹ páswọ́ọ̀dù Ọ̀gá kí n lè rí ohun tí wọ́n ṣe. Ó kọ̀. Mo rọra tún un tẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, bí ọmọ tó ń kọ́ ábídí. Ó kọ̀. Ẹnì kan ti yí i padà.

Mo lọ bi Màmá bóyá òun ni. "Èmi kẹ̀? Mi ò fi orúkọ rẹ̀ wọlé rí." Baba Giláàsì wà níbẹ̀, ó wá gba ìwé iṣẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá ni. Ọkùnrin yẹn ò sinmi nígbà tó wà láyé, ṣé ẹ rò pé erùpẹ̀ lásán ló máa dá a dúró? Ó wá wò ó bóyá ẹ ò ti máa jí òun lówó." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta

Mo ti ro ó. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yí páswọ́ọ̀dù Ọ̀gá padà láìjẹ́ pé ètò náà fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù Ọ̀gá. Ẹni tó ní fóònù yẹn lọ́wọ́ ló wọlé, kò sì di dandan kó wá sí ọ́fíìsì, torí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ètò náà wà. Ta ló wá kó ẹrù Ọ̀gá lọ? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ẹnu wo ni màá fi bi í? Bí mo bá bi í tí kì í ṣe òun, mo ti pe àbúrò olóògbé lólè. Bó bá sì jẹ́ òun, ó ti mọ̀ pé mo mọ̀. Èkejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Mo san owó alumíníọ̀mù ti oṣù yìí, Màmá fọwọ́ sí i. Òjò rọ̀ níkẹyìn. Òrùlé ibi tí a ń kó giláàsì sí ń jò.

Ẹtì, 15 Oṣù Kẹta

Ẹni tó ń ta alumíníọ̀mù fún wa pè lọ́wọ́ ọ̀sán. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní bóyá a ti gbàgbé òun lóṣù yìí. Mo ní a ti sanwó láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun kò rí kọ́bọ̀.

Mo ṣí ojúewé rẹ̀. Nọ́ńbà báńkì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n yí i padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, orúkọ Ọ̀gá ló sì yí i. Èmi ni mo kọ owó náà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò wo nọ́ńbà, nítorí láti ọdún mélòó kan ni nọ́ńbà yẹn kò ti yí padà rí. Owó gidi ni. Mo jókòó, mo di etí tábìlì mú, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tí ń rẹ́ alumíníọ̀mù nínú àgbàlá bí ẹni pé inú orí mi ló ti ń rẹ́ ẹ.

Mo sọ ọ́ fún Màmá àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà kan náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò tiẹ̀ pariwo lákọ̀ọ́kọ́. Ó fìka ka àwa méjèèjì. "Àwọn méjì ló mọ páswọ́ọ̀dù. Ìyàwó wa ò lè jí owó ara wọn. Ta ló kù?"

Mo sọ fún un nípa fóònù Ọ̀gá, pé ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí a wá. "Fóònù wo?" Ìgbà yẹn ló wá pariwo. "Olóògbé lo fẹ́ dá lẹ́bi? Ilé ọlọ́pàá ni a ó ti parí ọ̀rọ̀ yìí!"

Màmá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé òun náà ti gbà pé èmi ni.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta

Ọkọ mi gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo kó o?" Mo bú sẹ́kún. Ó ní òun ò bínú, òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan ni, kí òun lè bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tún padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rán apá òsì mọ́ ọrùn. A jọ tú u.

Àìkú, 17 Oṣù Kẹta

Mo lọ jọ́sìn. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n sọ.

Ajé, 18 Oṣù Kẹta

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi awakọ̀ ẹrù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, kó máa ṣọ́ mi. Ojú ń ti ọkùnrin náà. Ó ń kí mi nígbàkigbà tí mo bá gbójú sókè: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó sọ ọ́ fún mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́. "Orúkọ rẹ ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tí ayẹ̀wéwò bá dé, iwájú rẹ̀ lo ti máa sọ ibi tí owó wà. Bí o ò bá sọ ọ́, wọ́n á mú ọ lọ."

Baba Giláàsì kò ṣe àwàdà kankan lónìí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí.

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹta

Ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wa ní ìdájí. Mo ti wọ bàtà, mo ti ń wá ohun tí màá sọ fún àwọn ọmọ. Ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri ni. Mo ra méjì nítorí ojú tó tì mí. Búrẹ́dì ti gbówó lórí.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹta

Mo lọ sílé Màmá. Mo ti pinnu pé màá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin tó bá gbà bẹ́ẹ̀, màá sì sọ pé kì í ṣe èmi.

Mi ò dé orí rẹ̀ rárá. Fóònù Ọ̀gá wà lórí tábìlì ìjẹun, okùn iná wà ní ìdí rẹ̀. Mo dá a mọ̀ lára ojú rẹ̀ tó sán.

"Mà, fóònù Ọ̀gá nìyẹn?"

"Òun ni. Mo máa ń fi iná sí i. Àwọn tí kò tíì gbọ́ ṣì ń pè é. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n sọ ọ́ fún wọn fúnra mi." Ó tún aṣọ orí tábìlì ṣe. "Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ wà tó ń pè láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ètò ìṣirò yẹn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó bá mi kẹ́dùn, ó bi mí bóyá mò ń sùn dáadáa. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Ó ní wọ́n fẹ́ ti orúkọ Ọ̀gá pa, pé kí n ka nọ́ńbà tó bá wọlé fún òun kí wọ́n má baà tì í. Mo ní, àṣé òótọ́ ni Akọ̀wé ń sọ. Mo kà á fún un."

Mo rọra jókòó.

"Wọn ò tì í, àbí?" ó bi mí.

"Wọn ò tì í, mà."

Mo ní kó jẹ́ kí n lo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀. Mo ní kí ètò náà fi nọ́ńbà ránṣẹ́, mo yí páswọ́ọ̀dù Ọ̀gá padà níbẹ̀, lórí tábìlì ìjẹun. Olè náà kò lè wọlé mọ́. Mo wá ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Kí ló dé?"

"Báńkì ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Irọ́ ni mo pa. Ó wò mí, kò tètè gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹta

Ọkọ mi ní kí n lọ sọ ọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kò yé e. Láti ìgbà ìsìnkú ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń sọ kiri pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò lè di ilé iṣẹ́ mú. Bí èyí bá dé etí rẹ̀, òun àti ẹbí á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Màmá, kò sì sẹ́ni tó máa dá wọn lẹ́bi. Màmá yìí náà ló ní kí wọ́n má gbé ẹlòmíràn sórí àga mi nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀. Oṣooṣù ló ń san owó mi, mi ò sì ṣe iṣẹ́ kankan.

"Mo gbọ́," ọkọ mi ní. "Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, ṣé Màmá ló máa wá wẹ àwọn ọmọ fún mi?"

Bí mo bá sọ ọ́, mo ba ayé rẹ̀ jẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á mú mi lọ. Gbogbo ara ni mo fi ń bẹ̀rù. Mi ò mọ ohun tí ẹnu mi máa sọ lọ́la.

Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta

Màá kọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin ni ayẹ̀wéwò náà. Òjò pa á dé. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, a ní láti tẹ etí sílẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ro ẹjọ́ mi fún un kó tó fi agbòjò sílẹ̀. Ọlọ́pàá kan jókòó sí igun yàrá, ó ń jẹ ẹ̀pà. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú báàgì lórí itan.

Ayẹ̀wéwò wo ojúewé tó yẹ kó wò. Ó yíjú sí mi. "Wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́ kí páswọ́ọ̀dù tó yí padà. Ta ló ní fóònù tí nọ́ńbà yẹn wọlé sí?"

Ìbéèrè tó yẹ ni. Mo wo èékánná mi. Mo gbọ́ tí ọlọ́pàá náà dá ẹ̀pà jíjẹ dúró. Mo la ẹnu, mo ní, "Mi ò..."

"Èmi ni," Màmá ní.

Ó yọ fóònù náà nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. "Èmi ni mo ka nọ́ńbà fún wọn. Akọ̀wé ti mọ̀ láti Ọjọ́rú, ó dákẹ́ nítorí tèmi. Mo wò ó lójú lọ́jọ́ náà, mo rí i pé nǹkan ń bà á lẹ́rù, kì í sì í ṣe tara rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo pe nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn. Kò lọ mọ́. Mo wá jókòó, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ìyàwó wa." Ó nawọ́ sí fóònù náà. "Kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù náà fún mi?"

"Ẹ béèrè aṣọ, mo fún yín. Ẹ béèrè ọkọ̀, mo fún yín. Ẹ ò béèrè fóònù."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó. Àga náà ké. Mo rò pé ó máa fò mọ́ ọn, pé òun ti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára fóònù náà, kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀. Èmi náà wò ó, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú, n kò sì rò ó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ yìí.

Ayẹ̀wéwò wá sọ ohun tó yẹ kó sọ. Owó ẹ̀rọ náà kò tíì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ olóògbé gbọ́dọ̀ kúrò lónìí. Ẹni tó ka nọ́ńbà fún olè kò sì lè máa fọwọ́ sí owó mọ́. Èèyàn méjì mìíràn, èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ni kó máa fọwọ́ sí i pọ̀, kí ẹnì kan má lè dá a ṣe, pàápàá ẹni tó ń ra ọjà. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ìjìyà. Bí ìlànà ṣe rí nìyẹn." Ó bèèrè pé, "Ta ló ń fún èèyàn láyè níbí?"

Gbogbo wọn wò mí.

Màmá gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ Ọ̀gá. Ètò náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo wo Màmá. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tó wà lókè kúrò, tirẹ̀ bọ́ sókè.

Mo wá ṣí tirẹ̀. Àmì kéékèèké wà níwájú ohun tó lè ṣe. Fífọwọ́ sí owó, mo yọ ọ́. Yíyí nọ́ńbà padà, mo yọ ọ́. Fífi orúkọ tuntun kún un, mo yọ ọ́. Mo tẹ ibi tí kò yẹ, mo tún ní láti padà.

"Kí ló kù?" ó bi mí.

"Wíwò ló kù, mà. Ẹ lè máa wò ó."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Ó dáa. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹta

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá gbé mi láti ilé. A jọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà olè náà síbẹ̀. Ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní àwọn á wá owó náà. Ojú wọn kò jọ ti ẹni tó máa rí i.

Kò bẹ̀ mí. Nínú ọkọ̀, ó bèèrè bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe. Ó tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì kí a tó délé. Mo ní wọ́n wà dáadáa, sà.

Ẹ̀rù tó bà mí ti kúrò ní àyà.

Ajé, 25 Oṣù Kẹta

Oòrùn ràn. Baba Giláàsì ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní òun bi ìyá ìyàwó òun, kò mọ̀ ọ́n.

Owó òṣìṣẹ́ la fẹ́ san. Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti kú, Màmá ló ń fọwọ́ sí i. Lónìí, èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Mo ti ṣí kọ̀ǹpútà, mò ń dúró dè é, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Mo rò pé olùtọ́jú ọjà ni. Mo ní kó wọlé. Kò wọlé. Ó tún kan ilẹ̀kùn, wẹ́rẹ́.

Mo dìde lọ ṣí i. Màmá ni, ó mú awò ojú rẹ̀ dání. Òun ló ni ilé yìí, òun ló ra ilẹ̀kùn náà, láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ kò sì kàn án rí.

"Ṣé mo lè wá wò ó?" ó ní.